Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ tó mú Arthur

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Cardiff, ní Wales, ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Mo fẹ́ fi Yorùbá kọ ìtàn Arthur, akọni àtijọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì, kó rí bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé, kì í ṣe bí àlọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo rò ó sí. Àmọ́ bí mo ṣe ń kàwé nípa rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń takora: àwọn kan ní ọba ni, àwọn kan ní kì í ṣe ọba. Ta ni kí n tẹ̀ lé? Ṣé mo sì ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. Ti àṣẹ kò le: kò sẹ́ni tó ni Arthur. Ohun tí òǹkọ̀wé òde òní bá fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ sí ìtàn náà ló ní olówó, torí òfin Ìlú Ọba ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé ẹnì kan nínú ìwé tuntun, tí ẹ kò rí i nínú ìwé àtijọ́ kankan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó dá a.

Ní ti ẹni tí ẹ ó tẹ̀ lé, ẹ má tíì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Arthur tí a mọ̀ lónìí dà bí ẹ̀kú egúngún ilé, tí ìran kọ̀ọ̀kan ń rán aṣọ tirẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 1136 ni Geoffrey of Monmouth fi èdè Látìn sọ ọ́ di ọba tó ń ṣẹ́gun ilẹ̀ òkèèrè. Wace, akéwì kan, ló gbé tábìlì róbótó tí àwọn jagunjagun Arthur ń jókòó yí ká wọ inú ìtàn ní 1155. Kí ọ̀rúndún kejìlá tó parí, Chrétien de Troyes, ará ilẹ̀ Faransé, ti mú jagunjagun Lancelot àti Camelot, ibi tí ààfin Arthur wà, dé. Bí ẹ bá kó gbogbo èyí jọ, tí ẹ wá ní ọ̀rúndún kẹfà ló ṣẹlẹ̀, yóò dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó parí ìwé kejì.

Ẹ tú aṣọ náà títí ẹ ó fi kan èyí tó wà nísàlẹ̀. Ìwé Látìn kan tí wọ́n kọ ní Wales ní nǹkan bí 829 ka ogun 12 tí Arthur jà. Kò pè é lọ́ba. Ó ní ó bá àwọn ọba Briton, àwọn tó ti wà ní Bìrìtéènì kí àwọn Saxon tó dé, jáde ogun, òun sì ni olórí ogun wọn. Balógun nìyẹn! Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ á ṣàlàyé títí. Ẹ̀yin kọ “Balógun” péré, òǹkàwé yín ti mọ ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ju ti ọba lọ tí kò sì dé adé. Ó ti mọ owú tí wọ́n ń jẹ ẹ́ láàfin pẹ̀lú. Tèmi ni pé kí ẹ má fi í jọba rárá. Ẹ má sì pè é ní Gẹ̀ẹ́sì o: àwọn Saxon, baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ìtàn ní ó ń bá jà.

Àkọsílẹ̀ ọdọọdún kan náà wà ní Wales, tí wọ́n kó jọ ní ọ̀rúndún kẹwàá. Ó fi ogun Badon sí 516, ó fi ti Camlann sí 537. Ó ní ní Camlann, Arthur àti Medraut (Mordred, tí àwọn ìtàn ẹ̀yìn ìgbà náà sọ di ọ̀dàlẹ̀ tó bá Arthur jà) ṣubú, àjàkálẹ̀ àrùn sì wà ní Bìrìtéènì àti Ireland. Ó tán. Kò ní wọ́n bá ara wọn jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n wà. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ọdún 21 ló wà láàárín ogun méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún Badon ti tó idà fà ní Camlann. Balógun tó jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ní Badon ti di ẹni 51, orúnkún ti ń dùn ún bó bá fẹ́ gun ẹṣin. Ìwé mẹ́fà yín ti wà níbẹ̀ yẹn. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fẹnu kò pé Arthur gbé ayé rí. Gildas, mọ́ǹkì tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kẹfà gan-an, dárúkọ Badon, kò dárúkọ Arthur. Ẹ sọ èyí fún òǹkàwé yín lẹ́yìn ìwé kìíní.

Bí ẹ bá ti mú ọdún, ọdún náà ló máa pàṣẹ fún yín. Kò ní sí ilé olódi olókùúta onílé ìṣọ́ gogoro, torí ẹ̀yìn 1066 nìyẹn dé. Kò ní sí ẹ̀wù irin látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ti lọ láti nǹkan bí 410, koríko ti ń hù lójú títì wọn. Ní South Cadbury, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti walẹ̀ láti 1966 sí 1970, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ìgbà náà padà sórí òkè olódi àtijọ́, wọ́n tún odi rẹ̀ mọ, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngán onígi ńlá sí i. Ní Tintagel, létí òkun Cornwall, wọ́n hú àfọ́kù ìkòkò wáìnì àti òróró tó ti etí òkun Mẹditaréníà wá. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, àfọ́kù yẹn ni n bá fi bẹ̀rẹ̀: ìjòyè kan lábẹ́ òrùlé koríko, òjò ń rọ̀, wáìnì ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé wáìnì yẹn wá lè gbé àrùn ìwé kẹfà wá.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá. Ẹ fa ìlà fún ọdún kọ̀ọ̀kan, 516 sí 537, kí ẹ sì ya àyè sọ́tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ orí rẹ̀, àpá ara rẹ̀, ẹṣin rẹ̀, ẹni tó ń bá yodì. Mo ti ṣe olóòtú ìtàn onípele kan rí tí jagunjagun pàdánù ọwọ́ òsì rẹ̀ nínú ìwé kejì, tó wá ń ta ọfà nínú ìwé karùn-ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí i. Ọmọ ọdún 12 kan ló kọ lẹ́tà sí wa. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó ku orúkọ. Ẹ mú irú kan, kí ẹ má yí i padà títí dé ìwé kẹfà. Níwọ̀n bí Cardiff ti jẹ́ ilé yín, orúkọ Wales ni kí ẹ lò: Gwenhwyfar (Guinevere, ìyàwó Arthur), Bedwyr àti Cei (àwọn jagunjagun rẹ̀), Myrddin (Merlin, aríran). Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní èdè Wales nílé ìwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wọ̀nyí sí yín létí, kí ẹ tó kọ wọ́n sílẹ̀.