Ilẹ̀ yanrìn etí odò Ògùn àti ilẹ̀ orí àpáta Ìkìjà: èwo ni ká kọ́lé sí?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ kọ́ pẹtẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Ilẹ̀ méjì la rí. Ọ̀kan wà lẹ́yìn Lafẹ́nwá, kò jìnnà sí odò Ògùn, yanrìn ló pọ̀ níbẹ̀. Èkejì wà ní Ìkìjà, orí àpáta, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ mi wá fi fídíò hàn wá lórí fóònù, bí ilẹ̀ ṣe mì lókè òkun tí ilé ń rì, tí afárá sì já. Ó ní yanrìn máa ń di omi. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ká fi ti Lafẹ́nwá sílẹ̀ ni? Afárá Lafẹ́nwá pàápàá máa ń gbọ̀n lábẹ́ wa tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá wa dúró lórí rẹ̀. — Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ètò ilé, ilé á tura o. Òótọ́ lọ́mọ yín sọ, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kí yanrìn tó di omi: kí yanrìn náà má tíì dì mọ́ra, kí omi kún inú rẹ̀ bámúbámú, kí ilẹ̀ sì mì gidigidi. Tí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ní ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wọn gàrí lọ́jà. Tí oníbàárà bá gbọn kóńgò, gàrí á wálẹ̀, àyè á sì tún ṣí lókè. Bẹ́ẹ̀ ni yanrìn tí kò tíì dì ṣe máa ń wálẹ̀ tí ilẹ̀ bá mì. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wà láàárín hóró rẹ̀, ilẹ̀ á kàn rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ omi, omi ò ráyè sá jáde kíákíá, òun ni ẹrù ilé á wá bọ́ sí lórí, bẹ́ẹ̀ omi ò lè gbé ilé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ilẹ̀ tí mọ́tò ń gbà kọjá á di ẹrọ̀fọ̀ tó ń ṣàn. Ohun tó wúwo á rì. Ohun tó fúyẹ́ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, bíi táǹkì omi, á léfòó jáde.

Ibi tí àwa ẹnjiníà ti rí èyí kedere jù ni ìlú Niigata ní Jàpáánì, lọ́jọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1964. Òṣùwọ̀n agbára ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 7.5. Àwọn ilé alájà mẹ́rin kan níbẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ láìfọ́. Wọ́n fi kọnkéré gidi kọ́ wọn, òpó wọn ò dá. Ilẹ̀ ló yẹ̀ lábẹ́ wọn. Ọ̀kan tẹ̀ débi pé orí ògiri ìta rẹ̀ làwọn tó ń gbé inú rẹ̀ gbà sọ̀ kalẹ̀. Ní ìlú yẹn kan náà ni Afárá Showa wà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n parí rẹ̀. Àwọn òpó rẹ̀ tó wọ inú yanrìn odò yẹ̀ kúrò nípò, pèpéle afárá tó kàn jókòó lé wọn lórí sì já sódò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ibi tí pèpéle máa jókòó sí fẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì ń fi irin so pèpéle mọ́ra wọn, kí ó má baà já kódà bí òpó bá sún.

Fídíò tí ọmọ yín fi hàn yín lè jẹ́ ti ìlú Palu ní Indonéṣíà, ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Níbẹ̀, ní Petobo àti Balaroa, ilẹ̀ ṣàn, ó sì gbé odindi àdúgbò lọ. Ìmìtìtì ti ọjọ́ yẹn náà jẹ́ 7.5.

Ṣé irú rẹ̀ lè dé Abẹ́òkúta? Ilẹ̀ ti mì rí níbí. Lọ́jọ́ 28 oṣù keje ọdún 1984, wọ́n gbọ́ ọ ní Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìbàdàn. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009; orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn ti wá, agbára rẹ̀ ò sì tó 5. Ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, ó ju 6 lọ lọ́dún 1939, ilé wó, èèyàn sì kú. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà wọ̀nyí, torí wọ́n máa ń tan èèyàn jẹ. Tí nọ́ńbà bá fi 1 gòkè, agbára tó jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 32. Ìmìtìtì 7.5 fi ìlọ́po tó ju 30,000 lọ lágbára ju ti 4.5. Ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìmìtìtì tí kò tó 5 sọ yanrìn di omi. Orí àpáta àtọdúnmọ́dún la wà, a sì jìnnà sí ibi tí àwọn awẹ́ ńláńlá tí ojú ilẹ̀ ayé pín sí ti ń gbún ara wọn.

Ẹ má torí ìmìtìtì nìkan sá fún ilẹ̀ Lafẹ́nwá. Ohun tó ń já èmi láyà níbẹ̀ ni àgbàrá àti rírì díẹ̀díẹ̀ tí kò nílò kí ilẹ̀ mì rárá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé nítòsí bí omi kànga wọn ṣe ń jìn tó lóṣù kẹsàn-án àti lóṣù kejì. Ẹ béèrè ibi tí odò dé nígbà tó kún jù. Lẹ́yìn náà, ẹ san owó àyẹ̀wò ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó ṣojú yín. Wọ́n á gbẹ́ ihò tóóró, wọ́n á ki irin sí i, wọ́n á wá máa ju òòlù tó wúwo tó kílò 63.5 lù ú láti òkè tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 76. Wọ́n á ka iye ìgbà tí òòlù bà á kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Nínú yanrìn, tí iye náà kò bá tó 10, yanrìn yẹn ò dì. Tó bá ju 30 lọ, ó ti dì dáadáa. Ẹni tó bá ní òun fi ojú lásán mọ̀ ọ́n, ẹ má gbé iṣẹ́ fún un.

Ti Ìkìjà wá ńkọ́? Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ilé tí ìdajì rẹ̀ jókòó lórí àpáta, tí ìdajì tó kù wà lórí erùpẹ̀ tí wọ́n dà kún ibi tó lọ sílẹ̀. Erùpẹ̀ á rọ̀, àpáta ò ní rọ̀, ògiri á sì là láti òkè délẹ̀. Ẹ gbẹ́ apá ibi erùpẹ̀ títí ẹ ó fi bá ilẹ̀ líle. Ẹ tún wo òkè yín: àwọn òkúta ràbàtà tó dá jókòó lórí erùpẹ̀ lè yí bí òjò bá wọ́ ìdí wọn, wọ́n sì lè yí bí ilẹ̀ bá mì.

Ibikíbi tí ẹ bá yàn, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ mójú tó jù. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí ògiri yàrá sì kún òkè, ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ní Tọ́kì, lóṣù kejì ọdún 2023, níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti pa èèyàn tó ju 50,000, irú ilé bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tó wó. Kí òpó ìsàlẹ̀ yín nípọn, kí ẹ sì fi ògiri kọnkéré sí igun méjì ó kéré tán. Kí àwọn tó ń di irin to ríǹgì, ìyẹn irin tín-ín-rín tí wọ́n fi yí irin òpó ká, súnmọ́ra ní orí àti ìdí òpó, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn. Kí ẹnu ríǹgì tẹ̀ wọ àárín òpó, kì í ṣe kí wọ́n kàn ká a sí igun. Tí wọ́n bá ká a sí igun lásán, bí kọnkéré ìta bá ti ṣí ni ríǹgì á tú, irin òpó á sì bẹ́ síta. Ẹ wò ó fúnra yín kí wọ́n tó da kọnkéré, torí lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà bu omi kún kọnkéré nítorí kó lè rọrùn láti dà.

Ní ti afárá, gbígbọ̀n díẹ̀ nígbà tí tírélà bá kọjá kì í ṣe àrùn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn. Ohun tó yẹ kí èèyàn lọ fi tó ìjọba létí ni kí ojú ìsopọ̀ pèpéle máa fẹ̀ sí i, kí irin tó ti dógùn-ún yọ lára òpó, tàbí kí omi àti àwọn awayanrìn ti wa ìdí òpó sílẹ̀. Ìyẹn lè wó afárá láìsí ìmìtìtì kankan.

Ẹ má sanwó fún èyíkéyìí nínú ilẹ̀ méjèèjì kí èsì àyẹ̀wò tó jáde. Tó bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi iye ìgbà tí òòlù ba irin àti bí omi ṣe jìn tó ránṣẹ́ sí mi, màá sọ irú ìpìlẹ̀ tó yẹ.