Ṣé òwe alárinà bá iṣẹ́ fàdákà mu?

Ẹ béèrè pé olùkọ́ kẹ́mísírì kan fi òwe "Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá" ṣàlàyé iṣẹ́ fàdákà nídìí pípèsè ethylene oxide, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ polyester, tí wọ́n sì fi ń pa kòkòrò àrùn ara síríńjì. Ṣé òwe náà bá a mu?

Ó bá a mu dáadáa, ṣùgbọ́n yíyẹ̀bá nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí nínú rẹ̀. Lóòótọ́, fàdákà kì í bá ohun tó sè jáde lọ. Àmọ́ kí alárinà tó yẹ̀bá, òun ló ti wádìí ìdílé méjèèjì, bóyá àrùn ìran tàbí gbèsè wà níbẹ̀. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ lọ tó gbé e bọ̀, kí nǹkan má baà bàjẹ́. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni ti fàdákà.

Bí ethylene, gáàsì tí wọ́n ń sọ di ethylene oxide, bá pàdé ọ́síjìn nínú ooru, jíjóná ló yá a lára: á di omi àti carbon dioxide. Ohun tí à ń wá ni kí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan ṣoṣo lẹ̀ mọ́ ọn, kó sì mọ níbẹ̀. Orí fàdákà ni ọ́síjìn ti ń pín sí méjì tí èyí fi ń ṣeé ṣe. Théodore Lefort, ará Faransé, ló rí ọ̀nà yìí ní 1931. Ṣáájú rẹ̀, chlorine rẹpẹtẹ ló ń ṣòfò sídìí iṣẹ́ náà.

Èérún fàdákà ni wọ́n ń tẹ́ sára alumina, ohun líle tí wọ́n fi aluminium àti ọ́síjìn ṣe. Alumina tí ihò rẹ̀ tóbi, tí kò sì pọ̀ ni wọ́n ń yàn, torí ethylene oxide tó bá há sínú ihò tóóró á jóná kó tó rí ọ̀nà jáde. Wọ́n á fi èròjà irin kan tó ń jẹ́ cesium díẹ̀ sí i, wọ́n á sì jẹ́ kí chlorine bíńtín máa bá gáàsì wọlé láti kápá jíjóná náà. Lónìí, nínú ethylene 100 tó bá yí padà, bíi 80 sí 90 ló ń di ohun tí à ń wá. Propylene, gáàsì tó jọ ethylene, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: hydrogen ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tètè ń já, ó sì ń jóná lọ́wọ́ fàdákà kan náà.

Ibi tí òwe náà kò dé ni pé alárinà ń padà sílé. Fàdákà kò kúrò nídìí iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, títí èérún rẹ̀ á fi so pọ̀ tí agbára rẹ̀ á sì dín kù. Nígbà náà ni wọ́n á kó o jáde, wọ́n á sì yọ fàdákà inú rẹ̀ lò padà.