Ìbéèrè Yín Lórí Ìwé Kíkọ: Nígbà Tí Ikú Bá Mú Òbí Lọ Nígbà Èwe

Láti ìgbà tí a ti ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa máa bi wá ní ìbéèrè nípa bí a ṣe ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara ẹni, ọ̀rọ̀ àwọn tó di ọmọ òrukàn ní kékeré ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. A mú mẹ́ta nínú wọn fún oṣù yìí. A ti gé wọn kúrú, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 61. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi kú sórí ìkúnlẹ̀. Wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní ó lọ sí Kánò, pé yóò ra bàtà bọ̀ fún mi, wọ́n sì kó mi lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Ìwó. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ọmọ kan tó fi ikú ìyá mi bú mi níbi tí a ti ń jà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́. Mo ti ń kọ ìtàn náà sílẹ̀ báyìí fún àwọn ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ka orí kìíní, ó ní irọ́ ni mo pa, pé òru ni wọ́n gbé ìyá wa lọ sí ọsibítù. Oòrùn ọ̀sán ni èmi rántí. Ṣé ẹni tí kò rántí dáadáa lè kọ ìwé? — *Ìyá Olùkọ́, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú iṣẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ oòrùn àti òru pa ìwé náà tì. Ẹ kọ oòrùn tí ẹ rántí, kí ẹ sì sọ níbẹ̀ gan-an pé ẹ̀gbọ́n yín ní òru ni. Kò sí òǹkàwé tó ní làákàyè tí yóò tìtorí èyí pè yín ní òpùrọ́. Ohun tí yóò mú un fura ni bí ó bá rí i pé obìnrin ẹni ọdún 61 ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje láìtàsé ẹyọ kan. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ, pé ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n di ẹrù yín fún ìrìn àjò Ìwó ni ojú yín gbà dúró.

Ohun tó gba ọkàn mi jù nínú lẹ́tà yín ni bàtà Kánò. Ẹ dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà síbẹ̀. Ọmọ tó ń retí bàtà fún ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan: ǹjẹ́ ẹ̀rù bà yín rí pé bàtà náà kò ní gba ẹsẹ̀ yín mọ́ nígbà tí ìyá yín bá fi máa dé? Ta ni ẹ máa ń bi léèrè rẹ̀, kí sì ni wọ́n fi ń dá yín lóhùn? Kí ni ẹ ń wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo àsìkò yẹn? Ibẹ̀ ni ìwé yín wà, nítorí pé ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrètí ni ikú ìyá yín jẹ́ fún yín, ẹkún kò tíì wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1948, Maria Nagy tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Hungary rò pé ikú jẹ́. Àwọn tí kò tíì pé ọdún márùn-ún gbà pé ẹni tó kú kàn lọ síbòmíràn ni, ó sì lè padà wá. Àwọn tó wà láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án sábà máa ń rí ikú bí ẹnì kan tó ń rìn kiri tó ń mú ènìyàn lọ. Ó di nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbà pé kò sẹ́ni tí ikú kò ní mú, àti pé ẹni tó bá lọ kì í bọ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe àtúnṣe sí àwọn ọjọ́ orí wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí irọ́ Kánò ṣe bá ọkàn ọmọdé mu tó. Àwọn àgbà sọ ohun tí ọmọ náà ṣe tán láti gbà gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìbínú yín sí wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ìyá yín. Òkú àgbà ni a ń fi ìlù àti aṣọ ẹbí sin. Ẹni tó bá kú ní ọ̀dọ́, pàápàá obìnrin tó kú sórí ìkúnlẹ̀, kíákíá ni wọ́n máa ń sin ín, wọn kì í se àsè, àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í fẹ́ fojú kan sàréè rẹ̀. Ilé tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í rí ọ̀rọ̀ bá ọmọdé sọ. Gbogbo èyí yẹ kó wọ inú ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ààyè tirẹ̀, torí ọmọ ọdún méje kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gba ìmọ̀ràn mìíràn lọ́wọ́ mi, ẹ gba èyí: ohun tí ọmọ náà mọ̀ àti ohun tí àgbà wá mọ̀ lẹ́yìn, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀.

Ẹni tó mọ irú iṣẹ́ yìí ṣe ni Wọlé Ṣóyínká. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún dáadáa nígbà tí *Aké*, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, jáde ní 1981, síbẹ̀ ojú ọmọ ilé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta ló fi wo ohun gbogbo. Fọláṣadé àbúrò rẹ̀ kú ní ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún kan gan-an. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ojú ewé púpọ̀, kò sì sí ìwàásù kankan níbẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá. Ẹ wá a kà.

Ti pé ẹ kò rántí dáadáa ńkọ́? Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ fún yín ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Maryland ní nǹkan bí 1818, kọ ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1845. Ó ní ìgbà tí òun rí ìyá òun kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, òru sì ni gbogbo rẹ̀, nítorí pé oko mìíràn ni wọ́n fi obìnrin náà sí, tí ó sì ní láti fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì 12 lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, kó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sùn, kó sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n má baà nà án. Ó kú nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, bíi tiyín gẹ́lẹ́. Douglass kò ṣe ojú ayé: ó ní bí ẹni gbọ́ ikú àlejò ló rí lára òun. Ní 1855, ó tún ìtàn kan náà kọ, ìyá tí a sì pàdé nínú ìwé kejì yìí ní ohùn. Ó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan tí obìnrin tó ń dáná fi ebi pa ọmọ náà, ó bá obìnrin náà wí kíkankíkan, ó sì fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà òyìnbó alátalẹ̀ kan tí wọ́n ṣe ní àwòrán ọkàn. Douglass tún ti gbọ́ nígbà náà pé ìyá òun mọ̀wé kà, èyí tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàárín àwọn ẹrú. Èmi kò rò pé ìwé àkọ́kọ́ parọ́. Ní ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín méjèèjì, ó ti ronú sí i, ó sì ti gbọ́ sí i.

Nítorí náà, ẹ tètè lọ béèrè kí àwọn tó mọ̀ tó tán nílẹ̀. Ẹ wá ìwé ìrìbọmi ìyá yín ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá ṣe onígbàgbọ́, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tó lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onífọ́tò ayé ìgbà yẹn ló máa ń lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn síbẹ̀, ẹ ó sì lè mọ ìlú tó wà nígbà tó yà á. Ẹ bi àwọn ará ilé rẹ̀ ní oríkì rẹ̀, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tó bá ń kì í yóò kọ́kọ́ sunkún, lẹ́yìn náà ni yóò rántí ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń bá yín jiyàn náà, ẹ fún un ní ìwé àti bírò. Kó kọ òru tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì fi í sínú ìwé yín pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 44 ni mí. Mọ́tò ló pa bàbá mi ní ọ̀nà Ìfẹ̀ sí Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé ara á tù mí. Òru ni mo máa ń kọ ọ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Kàkà kí ara tù mí, oorun ti dá lójú mi. Ṣé irọ́ ni pé ìwé kíkọ ń wo ọgbẹ́ ọkàn sàn? — *Ọmọ Awakọ̀, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìdáhùn: Wọn kò purọ́ fún yín, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ ni ìwádìí kan tí James Pennebaker àti Sandra Beall tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1986. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ̀wé fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra. Àwọn kan kọ ohun tí kò ṣe pàtàkì. Àwọn mìíràn kọ ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù láyé wọn. Àwọn tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pa pọ̀ mọ́ bó ṣe rí lára wọn, ìbànújẹ́ wọn pọ̀ sí i ní kété tí wọ́n kọ ọ́ tán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ ga. Ṣùgbọ́n ní oṣù mẹ́fà tó tẹ̀lé e, wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ wọn tó àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ti tẹ̀lé èyí, àǹfààní tí wọ́n sì rí, kékeré ni, ó kàn wà ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìṣẹ́jú 15 ni, ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi gbogbo òru oṣù gbáko wa ilẹ̀ ikú bàbá wọn.

Nítorí náà, ẹ gbé iṣẹ́ náà kúrò lóru. Ẹ kọ ọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹ fi aago fóònù dá àkókò fún un, kí nǹkan mìíràn sì wà tí ẹ fẹ́ ṣe ní kété tó bá tán: kí ẹ gbé ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ se ọbẹ̀. Bí oorun kò bá padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tàbí bí èrò pé kí ẹ pa ara yín lára bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná, kí ẹ rí dókítà yín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ wà, ẹ̀yin fúnra yín lè pe ẹ̀ka tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn ní NHS, ètò ìlera ìjọba, láìjẹ́ pé dókítà ló rán yín lọ, ẹgbẹ́ Cruse, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, sì máa ń gbọ́ ti àwọn tó ṣòfò, ì báà jẹ́ pé òfò náà ti pẹ́.

Ohun kan kù. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa ń parí síbi tí òǹkọ̀wé ti kéde pé òun ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn pátápátá. Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n gbọ́. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń kọ́ni pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́dọ̀ já okùn tó so òun àti òkú pọ̀. Ó di àwọn ọdún 1990 kí Dennis Klass, Phyllis Silverman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọ ọ́ gbangba pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í já a, tí ara wọn sì le koko. Ìran tó ń sọ ọmọ ní Babátúndé, tó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀ lẹ́bàá sàréè, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ òun ní èyí. Bí bàbá yín bá ṣì ń bá yín jókòó nínú mọ́tò nígbà tí ẹ bá ń wà á, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyàwó bàbá mi ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Ojú mi rí màbo. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ó ṣì wà láyé. Bí mo bá yí orúkọ rẹ̀ padà nínú ìwé mi, ṣé ó tán? — *Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Kò tán. Gbogbo agbo ilé yín ló mọ ẹni tí ẹ ń sọ, orúkọ tó wù kí ẹ fún un. Lábẹ́ òfin wa, òkú kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n alààyè lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fi iṣẹ́ náà han agbẹjọ́rò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nínú ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àti ohun tí etí yín gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kọ pé ó bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ tán kó tó kan yín, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ pé ìkà ni.

Kí ẹ tó lọ bá agbẹjọ́rò, ẹ lọ bá òun alára. Ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ń kọ ìwé. Ẹ bi í ní ọmọ ọdún mélòó ni òun náà wà ní ọjọ́ tó wọlé bàbá yín tó bá ọmọ olóògbé níbẹ̀, àti pé kí ni wọ́n sọ fún un nípa ìyá yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Ó lè lé yín jáde. Bí ó bá sì fèsì, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó yọ àti ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀.