Ṣé kí n lọ ka ìdájọ́ ọ̀dọ́ ní yunifásítì, àbí kí n ka òfin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹni ọdún 19 ni mí, ọdún yìí ni mo fẹ́ wọ yunifásítì. Ohun tó wù mí ni kí n máa bá àwọn ọmọ tó ti rúfin ṣiṣẹ́, kí wọ́n má baà tún padà sí kóòtù. Mo rí kọ́ọ̀sì kan tó dá lé ìdájọ́ ọ̀dọ́ nìkan, àmọ́ àwọn òbí mi ní òfin ni kí n lọ kà, pé kọ́ọ̀sì yẹn ò lè fún mi níṣẹ́ gidi. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an? Ṣé ó tó fi wáṣẹ́? Onítìjú tún ni mí, ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ọmọ náà á máa fojú tín-ín-rín mi.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má bá àwọn òbí rẹ jà, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, agbẹjọ́rò ò lè ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ, ní ibi púpọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ọmọdé náà ò lè ṣe é. Dìgírì ìdájọ́ ọ̀dọ́ kì í sábà fúnni ní irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Tó o bá kà á tán, o lè ṣiṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kóòtù dá dúró sí, o sì lè máa mójú tó ọmọ tí adájọ́ ní kó máa gbé nílé rẹ̀ kó máa wá fara hàn. Àmọ́ o ò lè dìde ní kóòtù kó o gbẹjọ́ rẹ̀ rò. Tó bá jẹ́ ẹjọ́ rírò gan-an ló wù ẹ́, gba ohun tí wọ́n sọ. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀ tán, tí gbogbo èèyàn túká, ni iṣẹ́ tìẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òfin nìkan ò ní kọ́ ẹ ní ìyẹn.

Òfin wà nínú kọ́ọ̀sì náà ṣá o. Wàá kà nípa ilé-ẹjọ́ àwọn ọmọdé tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1899, àti Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 1989, tó sọ pé ìgbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́ nìkan ni kí wọ́n ti ọmọ mọ́lé, kó má sì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wàá kà nípa ọjọ́ orí tí ọmọ ti lè jẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí sì máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ní England, ọmọ ọdún 10 lè jẹ́jọ́. Ní Scotland, ó di 12. Ní Jámánì, ó di 14, iye yìí náà sì ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó Àdéhùn yẹn rọ àwọn ìjọba ní 2019 pé kí wọ́n má ṣe lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù: ní ibì kan, ẹlẹ́jọ́ ni, ní ibòmíràn, ọmọ tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni. Ìwà náà ò yàtọ̀.

Lójú tèmi, ibi tí kọ́ọ̀sì náà ti wúlò jù ni ìwádìí nípa ohun tó ń mú ọmọ rúfin àti ohun tó ń mú un jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń rúfin ní ọdún 15 tàbí 17 ló máa ń jáwọ́ fúnra wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Láti 1993 tí Terrie Moffitt, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ti ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré tí wọn ò sì dáwọ́ dúró, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ìwádìí kan ní Edinburgh tẹ̀ lé nǹkan bí 4,300 ọmọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n wọ́ jìnnà wọnú ètò ìdájọ́ kì í tètè jáwọ́ tó àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ìwà wọn jọra tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó ṣòro fún èèyàn láti gbà. Àìmọye òbí ló ti sọ fún mi pé, "Ẹ mú un lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n, kó rí i lójú ara rẹ̀." Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú àwọn ọmọ lọ kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n jágbe mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọn ò mú lọ, àwọn tó lọ ló tún rúfin jù. Ẹni tí kò bá kàwé lórí iṣẹ́ yìí á máa fi inú rere ba ọmọ jẹ́.

Ní báyìí, ohun tí orúkọ kọ́ọ̀sì ò ní sọ fún ẹ: ìkọ́ṣẹ́. Kó o tó sanwó, béèrè ibi tí wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ mélòó ni, ta ni yóò máa mójú tó ẹ níbẹ̀. Béèrè bóyá wàá jókòó nínú kóòtù, bóyá wàá sì kọ ìjábọ̀ tí ẹnìkan máa fi gègé pupa tún ṣe fún ẹ. Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wá ibòmíràn.

Ìjábọ̀ ni mo ń tẹnu mọ́, torí òun ni adájọ́ ń kà kó tó pinnu. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé, "Aláìgbọràn ni ọmọ náà, kò ka ìpàdé sí." Mo máa dá a padà fún un. Ìpàdé mélòó ló pa jẹ? Mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ọjọ́ wo? Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru di àárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ náà ló ń mú àbúrò rẹ̀ lọ sí iléèwé. Kọ èyí sílẹ̀, kí o sì dábàá pé kí ìpàdé bọ́ sí ọ̀sán. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ lè sọ ọmọ yẹn sí àhámọ́, ìkejì lè mú un padà sí ìpàdé.

Ní ti ìtìjú, má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló máa ń há sí iṣẹ́ yìí. Wàá bi ọmọ ní nǹkan, á ní, "Mi ò mọ̀." Wàá tún bi í, á tún ní, "Mi ò mọ̀." Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná á pè é ní olóríkunkun. Àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ni ọ̀rọ̀ gígùn máa ń dojú rú fún, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì yẹ̀ ẹ́ wò rí. Gé ìbéèrè rẹ kúrú, dákẹ́, dúró. Wọ́n á dán ẹ wò, ìyẹn dájú. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá o máa pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó o ní wàá pè. Tó o bá pè, wọn ò ní bìkítà pé ohùn rẹ kéré.

Ọ̀nà kan wà tó lè tẹ́ àwọn òbí rẹ lọ́rùn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, England wà lára wọn, ẹni tó bá ní dìgírì nínú nǹkan mìíràn lè fi nǹkan bí ọdún méjì sí i gba ti òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń wá nìyẹn. Kó o tó dé ibẹ̀, wá ibi tó o ti lè yọ̀ǹda ara rẹ. Ní England àti Wales, àwọn ará ìlú tí wọn kì í gbowó máa ń jókòó pẹ̀lú ọmọ tí kóòtù rán wá àti òbí rẹ̀, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí ohun tí ọmọ náà máa ṣe láti fi tún ohun tó bà jẹ́ ṣe. Ibi tí irú ètò yìí bá wà, lọ béèrè.

Wọ́n á yẹ ìwà rẹ àtẹ̀yìnwá wò kí wọ́n tó jẹ́ kó o sún mọ́ ọmọ kankan. Tí ìwọ fúnra rẹ bá ti jẹ́jọ́ rí, sọ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà kó o tó forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló ń dínà, àwọn kan tiẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé inú kóòtù ọmọdé ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.