Ṣé èèwọ̀ ni kéèyàn pàlọ́ lọ́sàn-án tí òjò bá ń rọ̀?

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan tó wà ní London ló bi mí: ilé ìwé wà ní họlidé, òjò ò jẹ́ káwọn ọmọ jáde, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ látàárọ̀, ó wá fẹ́ máa pàlọ́ fún wọn, àmọ́ màmá ẹ̀ ní kò gbọdọ̀, pé a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ó ní kí nìdí èèwọ̀ yẹn gan-an, ṣé kóun dúró dalẹ́ ni?

Màmá ò parọ́ o. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn míì tiẹ̀ máa ń fi ikú ìyá dẹ́rù ba ọmọ kó lè panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò, ọ̀sán ni wọ́n ń lọ sóko, ọ̀sán ni wọ́n ń ná ọjà, koríko wà tí wọn ò tíì ro, omi wà tí wọn ò tíì pọn, tí bàbá àgbà bá wá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ láago méjì ọ̀sán ta ló tún máa jíṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni? Àlọ́ dùn ju iṣẹ́ lọ, wàhálà ẹ̀ nìyẹn. Ní tèmi o, àwọn àgbà tó fẹ́ kíṣẹ́ parí ni mo rí nídìí èèwọ̀ yìí. Òjò ńlá sì rèé, òun fúnra ẹ̀ ló máa ń lé àgbẹ̀ wálé. Tí ọkọ́ bá ti wà nílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè ròde, mi ò mọ nǹkan tí èèwọ̀ yẹn tún ń ṣọ́.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ bọ̀wọ̀ fún màmá (ó sì dáa bẹ́ẹ̀), ẹ fi àlọ́ àpagbè sílẹ̀ dalẹ́, àwọn olórin tí Ìjàpá máa ń dárà nínú ẹ̀ tí gbogbo ilé á máa gbè, kẹ́ ẹ mú àpamọ̀, èyí tẹ́ ẹ máa bi wọ́n kí wọ́n já a, lọ́sàn-án. Láyé àtijọ́ náà, àpamọ̀ ni wọ́n fi ń ṣíde kí wọ́n tó bọ́ sórí èyí tó gùn. Ẹ ó ní "Àlọ́ o!", wọ́n á ní "Àlọ̀!", ẹ wá bi wọ́n pé kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba? Ẹ má yára sọ ọ́. Wọ́n á pe ológbò, wọ́n á pe mọ́tò. Ẹ sọ fún wọn pé èèyàn kì í déédéé kọjá lára ọba láì dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, torí ọmọ tí ò mọ ìyẹn ò lè já a, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ yọjú lójú wíńdò. Àgbàrá òjò ni! Ọmọ tó bá rí i bó ṣe ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ò wojú ẹnì kankan, kò ní gbàgbé láéláé.

Ní kíṣìnì ńkọ́? "Òkun ń hó yeye, ọ̀sà ń hó yeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Orógùn nìyẹn. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò", ẹ̀wà ni, ẹ da díẹ̀ sọ́wọ́ wọn kí wọ́n wo ojú dúdú tó wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn náà pa tiwọn, kódà tí kò bá nítumọ̀, kẹ́ ẹ sì ṣe bíi pé ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ má da ẹ̀wà yẹn nù o, torí ayò kò ní èèwọ̀ ọ̀sán. Ẹ wá páálí ẹyin oníhò 12, ihò mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà mẹ́rin mẹ́rin (òun ni ọmọ ayò) nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹ ó kó ọmọ inú ihò kan, ẹ ó máa jù ú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó kẹ́yìn bá sọ ihò ẹnì kejì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ni ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ yẹ̀yẹ́ ò mọ àgbà nídìí ọpọ́n, nítorí náà tí ọmọ bá jẹ yín tó pè yín lọ́pẹ ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn ṣọ́ èyí àbúrò, kó má lọ ki ẹ̀wà bọ imú.