Ta ló ni ìkéde nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ọ̀gá ọ́fíìsì àjọ ìlera àgbáyé kan ní orílẹ̀-èdè kan. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, tí ìjọba sì ń fọ̀rọ̀ náà falẹ̀, ṣé èmi kọ́ ló yẹ kí n kéde rẹ̀ fáwọn akọ̀ròyìn?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń dé, ohun tó sì ń bí mi nínú ni àwọn tó ń kọ́ yín pé ìgboyà ni kí ọ̀gá tuntun sáré bọ́ síwájú kámẹ́rà. Ìlànà WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, ni màá fi dáhùn, torí òun ni mo mọ̀ dunjú.

Òfin Ìlera Àgbáyé ti 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ti pín iṣẹ́ náà. Tí ìjọba bá ti yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí wọ́n rí i pé ó lè di ewu fáwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó WHO létí láàárín wákàtí 24. Ọ́fíìsì tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe tiyín. Ọ̀gá Àgbà WHO nìkan ló sì lè kéde pàjáwìrì àgbáyé, lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ onímọ̀ bá ti gbà á nímọ̀ràn.

Ẹ má wá sọ pé mo ní kí ẹ panu mọ́ o! Ohunkóhun tí ẹ bá gbọ́, lẹ́nu nọ́ọ̀sì tàbí lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹkùn yín lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn SARS, àrùn èémí tó jà ní 2003, ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé WHO lè gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìjọba. WHO á bi ìjọba bóyá òótọ́ ni, ìjọba náà á sì fèsì àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24. Bí ìròyìn bá ti tàn káàkiri, tí aráàlú sì nílò òótọ́, òfin kan náà gba WHO láàyè láti sọ̀rọ̀ ní gbangba.

Ní tiyín, ẹ lè sọ àmì àrùn, bí èèyàn ṣe lè dáàbò bo ara rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó lọ sílé ìwòsàn. Iye òkú tó yàtọ̀ sí ti ìjọba ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Bí iye bá ti di méjì, aráàlú ò ní gba ìkankan gbọ́.

Ìlànà àjọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ o, ẹ bi agbẹjọ́rò tiyín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìkéde kankan fáwọn akọ̀ròyìn. Ẹ sì tètè gba nọ́ńbà mínísítà ìlera báyìí, nígbà tí ara ṣì dẹ̀ yín.