Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Lágeré, n'Ílé-Ifẹ̀. A máa ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà náà ò sì gbẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà wa tó jẹ́ Windows 10 ń falẹ̀, ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá wọ Settings, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ Reset sí (ìyẹn ohun tó ń dá Windows padà sí bó ṣe rí ní tuntun), ó sì yan «Keep my files». Ó rò pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Nígbà tó máa tan padà, àwọn fáìlì wa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Word ti lọ, CorelDRAW tí a fi ń ya àwòrán ti lọ, pírìńtà ò dá wa lóhùn mọ́. Àwọn font (ìrísí lẹ́tà) tí a fi ń kọ Yorùbá náà pòórá. Èyí tó dùn mí jù ni àwọn ọ̀nà àbùjá tí mo ti kọ́ Word láti ọdún pípẹ́, pé bí mo bá tẹ «e» pẹ̀lú ìlà kékeré kan, kó sọ ọ́ di «ẹ» fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n gbé e wá, pé òun á fọ́máàtì rẹ̀ (ìyẹn ni pé òun á nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò), òun á sì bá mi fi gbogbo nǹkan sí i lákọ̀tun. Ọkọ mi ní kí ọmọ náà máa lọ sílé wọn. Kí ni kí n ṣe?
— Màmá Oníṣọ́ọ̀bù, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ ǹlẹ́ o, Màmá, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohun mìíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún ẹni tó fẹ́ fọ́máàtì rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń sunkún rẹ̀ ṣì lè wà nínú rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Fọ́máàtì ló máa wá gbá a dànù tán.

Ẹ lọ sí This PC, ẹ ṣí C, kí ẹ wá fódà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Windows.old. Nígbà tí ọmọ yín yan «Keep my files», Windows kó ara rẹ̀ àtijọ́ sínú fódà yẹn kó tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kì í pẹ́ níbẹ̀ o. Windows lè pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ 10 kọjá lórí rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ń sọ fún yín pé àyè ti kún, ẹ má tẹ Disk Cleanup, pàápàá ibi tí wọ́n kọ «Previous Windows installations» sí. Ohun tí ẹ ń wá gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ra flash tó láyè dáadáa tàbí hard disk ti ìta, kí ẹ da fódà tó ń jẹ́ Users nínú Windows.old yẹn kọ sórí rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń jẹ́ Fonts nínú Windows.old\Windows. Bó bá ní àfi kí ẹ gba àṣẹ, ẹ tẹ Continue. Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, tí kò ní bátìrì, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ ṣáájú. Ẹ má gbójú lé iná ìjọba fún irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ lè máa bi mí pé ṣebí Word àti CorelDRAW náà wà nínú Windows.old, kí ló dé tí a ò kúkú dá wọn padà síbi tí wọ́n wà? Kò ní ṣiṣẹ́, Màmá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Word sínú kọ̀ǹpútà yín, apá kan rẹ̀ lọ sí Program Files, apá kan wọ inú Windows fúnra rẹ̀, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ibì kan tó ń jẹ́ Registry. Registry yẹn ló dà bí rẹ́jísítà kíláàsì: olùkọ́ ò ní pe ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, kódà kí ọmọ náà jókòó síwájú. Reset ti ṣí rẹ́jísítà tuntun. Nítorí náà, àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi Word àti CorelDRAW gan-an ni ẹ máa fi sí i lákọ̀tun. Ohun tí ẹ lè gbà padà ni iṣẹ́ ọwọ́ yín tó wà nínú wọn.

Àwọn àbùjá yín ńkọ́? Ibẹ̀ ni inú mi ti dùn jù láti dá yín lóhùn, torí mo mọ ohun tó ń ná èèyàn kó tó kọ́ Word ní àmì ohùn Yorùbá. Nínú Windows.old, ẹ ṣí Users, ẹ ṣí orúkọ tí ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà AppData, Roaming, Microsoft, Office. AppData máa ń fara pamọ́; ẹ lọ sí View lókè, kí ẹ máàkì «Hidden items», á sì jáde. Nínú Office yẹn ni ẹ ti máa rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .acl. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni Word yín ń lò, MSO1033.acl ni, bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ìlú ọba, MSO2057.acl. Gbogbo àbùjá yín ló wà nínú fáìlì kékeré yẹn, àyàfi àwọn tí ẹ fún ní àwọ̀ tàbí ìrísí ọ̀tọ̀: ìyẹn wà nínú Normal.dotm, nínú fódà Templates tó wà nínú Microsoft kan náà. Ẹ tún wo UProof níbẹ̀. CUSTOM.DIC tó wà nínú rẹ̀ ló ń tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ àti orúkọ Yorùbá tí ẹ ti sọ fún Word pé kó yéé fa ìlà pupa sí. Tí ẹ bá ti fi Word tuntun sí i, ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ pa á, kí ẹ wá da àwọn fáìlì wọ̀nyí kọ sí irú ojú ọ̀nà kan náà nínú Users ti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá tún ṣí Word, àbùjá yín á ti dé.

Ti font rọrùn. Ẹ yan àwọn tí ẹ kó sórí flash, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún màòsì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan Install.

Ní ti àwọn ètò fúnra wọn, ẹ wo ojú Desktop yín. Fáìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Removed Apps. Orúkọ àwọn tó lọ ló wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ máa fagi lé e bí ẹ ti ń dá wọn padà. Windows ò ní béèrè owó lọ́wọ́ yín bó bá jẹ́ ojúlówó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft ra Office, ẹ wọ àkáǹtì náà, kí ẹ wà á jáde níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tó wá nínú páálí, ẹ wá kọ́ọ̀dù onílẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tó bá a wá. Ti pírìńtà, ẹ lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ tẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ayédèrú tí wọ́n fi crack (ohun tí wọ́n fi ń já ààbò ètò láìsanwó) ṣí ni ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ má tún padà síbẹ̀. Inú crack bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń jí páásíwọ́ọ̀dù máa ń bá wọlé, iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. LibreOffice kì í gba kọ́bọ̀, ó ń ṣí fáìlì Word, Draw tó wà nínú rẹ̀ sì ń ṣí ti CorelDRAW, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtò rẹ̀ lè sún díẹ̀ tí ẹ ó fi ọwọ́ tún un ṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n má lé e. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ «Keep my files», lẹ́tà kékeré abẹ́ rẹ̀ ló ń sọ pé àwọn ètò máa lọ. Àgbàlagbà pàápàá ń ṣì í kà. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín bí ẹ ti ń dá gbogbo rẹ̀ padà, kó jẹ́ òun ló ń di màòsì mú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó jẹ́ «Standard user», kí páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin nìkan. Ẹni tó bá wà lórí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ò lè ṣe Reset láti inú Settings láìní páásíwọ́ọ̀dù yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Mo yọ ètò tí mo fi ń ṣírò owó ẹgbẹ́ wa kúrò lánàá, mo rò pé géèmù àwọn ọmọ-ọmọ mi ni. Mi ò ṣe Reset o. Ṣé mo lè rí i padà?
— Bàbá Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, Bàbá. Ẹ tẹ rstrui síbi ìwáǹkan nísàlẹ̀, kí ẹ tẹ Enter. System Restore ló máa ṣí, ìyẹn ohun tó ń dá Windows padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ kan sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ọjọ́ kan níbẹ̀ tó ṣáájú àná, ẹ yàn án, kí ẹ wá tẹ «Scan for affected programs». Àpótí méjì ló máa hàn: ti òkè ń sọ ètò tó máa lọ, ti ìsàlẹ̀ ń sọ èyí tó lè padà wá. Bí orúkọ ètò yín bá wà nísàlẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Kò ní fọwọ́ kan ìwé tàbí fọ́tò yín. Bí kò bá sí ọjọ́ kankan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọn ò tan ààbò yẹn sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó tún ètò náà wà jáde lákọ̀tun. Fáìlì ìṣirò ẹgbẹ́ sábà máa ń wà nínú Documents, yíyọ ètò kúrò kì í sábà pa á rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó níbẹ̀ kí ẹ tó sọ fún akápò.